Kí A Tó Ra Ọmọ Igi Ọsàn, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Gbòǹgbò Rẹ̀

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan nínú wa dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ ra ọmọ igi ọsàn lọ́pọ̀, kí a pín in fún ẹni tó bá fẹ́, kí olúkúlùkù sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń san owó ẹ̀yáwó. Ẹni tó ní ilẹ̀ ní Ọ̀tà tàbí Ifọ̀ ń sọ ogójì, ó ń sọ ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń gbé Ọ̀pẹ̀bí tàbí Agége níbí, tí àyè díẹ̀ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, ń sọ ẹyọ kan tàbí méjì. Àbá náà dára, mo sì fara mọ́ ọn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé a sọ ọ̀rọ̀ owó títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tó béèrè pé: irú ọmọ igi wo? Báwo ni wọ́n ṣe pèsè ìdí rẹ̀?

Ọjà yìí yàtọ̀ sí èyí tí ẹgbẹ́ máa ń rà fún wa. Bí ìrẹsì bá ní òkúta, ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ sè é ni eyín yóò sọ. Bí páànù bá fẹ́lẹ́, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n kí a tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọmọ igi ọsàn tí ìdí rẹ̀ kò dára lè tutù yọ̀yọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ọdún kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí o ti san owó tán pẹ̀lú èlé, tí ọsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, ni ìjì kan á fẹ́ lálẹ́, tí o ó jí bá igi nílẹ̀. Ta lo fẹ́ dá a padà fún? Ẹni tó tà á fún ọ lẹ́bàá títì ti kó lọ sí ibòmíràn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọsàn jìnnà sí wa nítorí pé báńkì àti ilé ìtajà ló kún Ọ̀pẹ̀bí lónìí. Oko ni gbogbo ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ní 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ńlá agbègbè Agége, tí J. K. Coker ti Ìfàkọ̀ ṣe olórí wọn, dá ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Agege Planters' Union sílẹ̀, nígbà tí kòkó àti obì ń sọ àwọn ará ibí di ọlọ́rọ̀. Títí di òní pàápàá, nínú àwọn irú ọsàn dídùn tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní Nàìjíríà ń lò, ọ̀kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Agege 1. Búrẹ́dì nìkan kọ́ ló ń jẹ́ orúkọ ìlú wa o.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí wọ́n ṣe ń pèsè ọmọ igi ọsàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀nà àtijọ́ ni kí a mu ọsàn tó dùn, ká gbin hóró rẹ̀. Igi bẹ́ẹ̀ máa ń le dáadáa, olú gbòǹgbò rẹ̀ á gún ilẹ̀ lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ó máa ń ga fíofío, ẹ̀gún á kún ara rẹ̀, ó sì máa ń tó ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, nígbà míràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó so. Ta ló fẹ́ fi owó èlé dúró de ìyẹn?

Ọ̀nà kejì ni kí a lọ́ igi. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ ọ̀rọ̀ náà, Pọ́ọ̀lù lò ó nínú ìwé tó kọ sí àwọn ará Róòmù. A ó gbin hóró irú ọsàn kan tí a kò fẹ́ mu rárá, irú èyí tí a mọ̀ pé gbòǹgbò rẹ̀ lágbára. Tí ìtì rẹ̀ bá ti tó bí pẹ́ńsù, a ó la èèpo rẹ̀, a ó bẹ ojú ẹ̀ka kan láti ara igi ọsàn dídùn, a ó kì í bọ inú ibi tí a là, a ó sì fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ dì í pinpin. Bí ojú náà bá ti mú, a ó gé orí igi àkọ́kọ́ dànù. Ohun tó kù ni igi kan tó ní ẹni méjì nínú: ìdí jẹ́ ti ẹnì kan, orí jẹ́ ti ẹlòmíràn. Mo máa pe ẹni ìsàlẹ̀ ní igi ìdí, mo máa pe ti òkè ní igi orí. Ọmọ igi tí a lọ́ dáadáa máa ń bẹ̀rẹ̀ sí so ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ọsàn rẹ̀ á sì dà bí ti igi tí a ti bẹ ojú náà gẹ́lẹ́.

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹ̀ka. Àwọn kan á gé ẹ̀ka ọsàn, wọ́n á fi í gúnlẹ̀ bí igi ẹ̀gẹ́ títí yóò fi ta gbòǹgbò. Àwọn mìíràn á bó èèpo ẹ̀ka yípo nígbà tó ṣì wà lára ìyá rẹ̀, wọ́n á fi ilẹ̀ tútù àti ọ̀rá dì í, bó bá ti ta gbòǹgbò wọ́n á gé e kúrò. Èyí ló ń yára so jù, torí ẹ̀ka àgbà ni, ó ti mọ bí a ti ń so kí ó tó kúrò nílé. Èyí náà ni àwọn tó ń tà lójú títì fẹ́ràn, nítorí o lè bá èso kan tàbí méjì lórí rẹ̀ nínú ọ̀rá, ojú oníbàárà á sì ṣí. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, tó rí ṣóńṣó, tó sì ti so, ẹ má tíì fa owó yọ.

Kí ni ìyàtọ̀ wọn lábẹ́ ilẹ̀? Igi tó hù láti inú hóró ní olú gbòǹgbò kan tó kọ́kọ́ wọlẹ̀ lọ, kí àwọn yòókù tó ya. Ẹ̀ka kò ní in. Gbòǹgbò tó ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀ka yọ máa ń pọ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tọ̀, wọ́n sì máa ń wà lókè ilẹ̀ ní ọdún bíi mélòó kan àkọ́kọ́. Bí orí bá tètè wúwo kí gbòǹgbò wọ̀nyí tó di ilẹ̀ mú, bí ẹni gbé ẹrù lé orí ọmọdé ni. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò wa, èyí tó máa ń fẹ́ ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, kì í sì í béèrè ọjọ́ orí. Ẹ rántí èyí tó jà ní Èkó ní February 2012, tó wó igi, tó sì ṣí òrùlé.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kí a máa pariwo pé gbogbo igi tó wá láti ara ẹ̀ka ni kò dára. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan nìyí, tí wọ́n ń sọ pé láìsí olú gbòǹgbò, igi kò sí. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọsàn ti jẹ́ òwò ńlá, wọ́n rí àrùn kan tí wọ́n ń pè ní greening nínú ọgbà wọn ní 2005, ó sì ba ọgbà púpọ̀ jẹ́. Wọ́n wá ń wá igi ìdí tuntun tó lè fara da á, ṣùgbọ́n hóró àwọn igi ìdí tuntun náà kò pọ̀ tó bí àgbẹ̀ ṣe ń béèrè. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀ka pèsè igi ìdí, wọ́n tún ń fi ègé ara igi kékeré hù ú nínú ìgò ní yàrá ìwádìí. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ béèrè ohun tí àwa náà ń béèrè: ṣé àwọn igi yìí á dúró? Àwọn olùwádìí Yunifásítì Florida àti ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, wọ́n lọ́ ọsàn dídùn lé wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn. Nínú ọgbà ọmọ igi, gbòǹgbò wọn yàtọ̀ bí mo ti sọ: ti hóró ní olú gbòǹgbò, àwọn méjì yòókù kò ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sóko, ìyàtọ̀ bí igi ṣe ń dàgbà kò fi bẹ́ẹ̀ tọ ọ̀nà tí a gbà pèsè rẹ̀. Irú igi ìdí tí a lò ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Ìdí èyí kò ṣòro. Bí igi ọsàn ti ń dàgbà, àwọn gbòǹgbò ńlá tó nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ló ń di ilẹ̀ mú jù, bí okùn tí a fi na àgọ́. Olú gbòǹgbò jẹ́ àǹfààní ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ni àgbà. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè. Èkíní, irú igi wo ló wà nísàlẹ̀? Èkejì, ṣé gbòǹgbò rẹ̀ tọ́ tàbí ó wọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú èkíní. Ní nǹkan bí 1842, àrùn ìdí jíjẹrà, èyí tí oje máa ń sun lára èèpo igi, ba ọgbà ọsàn jẹ́ ní erékùṣù Azores tí àwọn Potogí ń ṣàkóso. Àwọn àgbẹ̀ rí i pé ọsàn jàgànyìn, èyí tó korò, kì í kó àrùn yẹn bọ̀rọ̀, ni wọ́n bá ń lọ́ ọsàn dídùn lé e lórí káàkiri ayé. Ó dára títí di nǹkan bí 1930 sí 1940, nígbà tí àrùn mìíràn dé sí Argentina àti Brazil. Kòkòrò tín-ín-tín tó ń mu omi ewé ló ń gbé e kiri. Igi tí orí rẹ̀ jẹ́ ọsàn dídùn tí ìdí rẹ̀ sì jẹ́ jàgànyìn ni ó ń pa, àìmọye mílíọ̀nù ló sì kú. Wọ́n pe àrùn náà ní tristeza, ìyẹn ìbànújẹ́ ní èdè Potogí. Àwọn ọmọ Àgùdà tó wà nínú wa lè jẹ́rìí sí ìtumọ̀ yẹn. Àrùn náà àti kòkòrò tó ń gbé e wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbí. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta ọmọ igi bá fi ọwọ́ sọ̀yà pé jàgànyìn ni òun lò sí ìdí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa lọ.

Èyí tí àwọn aládòko wa ń lò jù ní Nàìjíríà ni rough lemon, òroǹbó tí èèpo rẹ̀ rí kókókó. Ó ń yára dàgbà, gbòǹgbò rẹ̀ ń nà jìnnà nínú ilẹ̀ oníyanrìn bíi ti apá ibí, ó ń fara da ọ̀dá, àrùn tristeza kì í sì í pa igi tó wà lórí rẹ̀ bíi ti jàgànyìn. Àléébù rẹ̀ méjì: ọsàn tó bá wà lórí rẹ̀ kì í dùn tó èyí tó wà lórí jàgànyìn, àrùn ìdí jíjẹrà sì máa ń mú un bí omi bá ń dúró síbẹ̀. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Cleopatra, irú tanjaríìnì kan ni. Òun náà ń fara da tristeza, ọsàn orí rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ́ra ní ìbẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tó ní oko ní Ifọ̀, tó fẹ́ tà fún àwọn ìyá ọlọ́sàn, èmi á mú rough lemon. Fún ẹni tó fẹ́ mu ọsàn dídùn nínú ọgbà ara rẹ̀, tí kò kánjú, Cleopatra tó o.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa hóró rough lemon: hóró kan lè hù ní ọmọ méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọmọ ìyá àti bàbá, ìyá nìkan ló bí wọn, wọ́n sì jọ ọ́ bí ìbejì. Ìdí nìyí tí a fi lè gbin ẹgbẹ̀rún hóró, kí gbòǹgbò ẹgbẹ̀rún náà sì rí bákan náà. Àmọ́ díẹ̀ máa ń wà tó yàtọ̀, tí ewé rẹ̀ kò jọ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí tó kéré ju àwọn yòókù lọ. Aládòko gidi á fà wọ́n tu kí ó tó lọ́ igi. Ẹni tó ń wá owó kíákíá á lọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìbéèrè kejì ló dùn mí jù, torí òun ni ojú kò lè rí. Ọmọ igi lè jẹ́ ti hóró, kí ìdí rẹ̀ jẹ́ rough lemon, kí wọ́n lọ́ ọ dáadáa, síbẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ ti bàjẹ́ láti kékeré. Wọ́n á kọ́kọ́ gbin hóró sórí ebè kékeré, bó bá hù wọ́n á tu ú lọ sínú ọ̀rá dúdú. Bí ẹni tó ń tu ú bá ń kánjú, tí ihò tó fi ìka lu kò jìn tó, olú gbòǹgbò á ká sókè bí ìwọ̀ ẹja. Bí ó ṣe ká náà ni yóò ṣe máa nípọn sí i. Tàbí kí ọmọ igi pẹ́ jù nínú ọ̀rá, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, torí oníbàárà kò tètè wá. Gbòǹgbò á dé ìsàlẹ̀ ọ̀rá, kò ní rí ibi lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí yí po bí okùn kànga. Bí ẹ bá gbin irú rẹ̀, yóò máa yí po náà lọ nínú ilẹ̀, kò ní nà jáde. Gbòǹgbò tó yí po burú ju kí ó máà sí olú gbòǹgbò lọ. Ẹ̀ka tó ta gbòǹgbò mẹ́rin tó nà sí ọ̀nà mẹ́rin á dúró jù ú lọ, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Nítorí náà, àbá mi fún ìgbìmọ̀ rọrùn. Kí a má san owó kankan fún ọgbà ọmọ igi tí kò bá gbà pé kí a ya ọ̀rá wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, ká mú márùn-ún fúnra wa, kì í ṣe èyí tí wọ́n bá nà sí wa. Ká ya ọ̀rá, ká fi omi fọ ilẹ̀ kúrò, ká wò ó. Márààrún náà á bàjẹ́, ẹgbẹ́ á san owó wọn, kò sí wàhálà. Bí méjì nínú márùn-ún bá ká tàbí tó yí po, ká wọ ọkọ̀ wa padà sílé. Kí a tún wo ibi tí wọ́n ti lọ́ igi: kí ó ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ ó kéré tán, kí ó sì ti san dáadáa. Kí a sì béèrè igi tí wọ́n ti bẹ ojú, torí tristeza máa ń bá ojú igi wọlé. Ẹni tó bá sọ pé òun kò rántí, kò tíì ṣe tán láti bá ẹgbẹ́ ṣòwò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí NIHORT wà ní Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn, láti 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá a sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ èso àti ẹ̀fọ́. Èmi á ní kí akọ̀wé wa kọ̀wé sí wọn kí a tó ná kọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ sí Ìbàdàn kò tó owó igi ogún tó wó.

Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ní ọjà á sọ pé, ọdún mẹ́rin ti pẹ́ jù, èyí tó ti so nínú ọ̀rá ni ká rà kí a lè tètè san gbèsè. Mo gbọ́. Àmọ́ èso méjì tó wà lórí rẹ̀ kò lè san gbèsè kankan. Bí a bá fẹ́ kí igi náà dàgbà, ńṣe la ó já èso wọ̀nyẹn dànù lọ́dún àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí agbára rẹ̀ lè lọ sí gbòǹgbò. Ẹ wá rí i pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ san owó gọbọi la tún fi ọwọ́ ara wa já. Ohun tó lè san gbèsè ni àgbàdo, ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ tí a bá gbin sí àárín igi ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, torí igi kan sí èkejì yẹ kó tó mítà méje, àyè ńlá nìyẹn. Kí ẹ má kàn gbin ẹ̀gẹ́ mọ́ ìdí ọsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbìn ín sílé ní Ọ̀pẹ̀bí, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ ti fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, ihò kékeré kan ló kù lẹ́bàá ògiri, ibẹ̀ lẹ fẹ́ ti igi bọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kò ní rí ibi nà sí àfi apá kan, nígbà tí ìjì bá sì fẹ́ láti apá kejì, orí òrùlé aládùúgbò ló ń bọ̀. Bí ẹ kò bá lè fọ́ kọnkéré náà tó mítà kan ààbọ̀ yípo igi, ẹ bá mi gbin ewúro. Bí ẹ bá sì ní àyè, ẹ gbé e jìnnà sí sọkawéè. Ẹ má ko ilẹ̀ jọ sí ìdí rẹ̀ bo ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, ibẹ̀ ni ìdí jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀, igi orí á sì ta gbòǹgbò tirẹ̀, gbogbo àǹfààní igi ìdí á já sí asán. Bó bá jẹ́ igi ẹ̀ka lẹ ti rà kí ẹ tó ka ìwé yìí, ẹ má tu ú dànù. Ẹ fi òpó méjì dì í mú fún ọdún méjì, kí okùn náà rọ̀ díẹ̀ kí igi lè máa mì, torí mímì yẹn ló ń jẹ́ kí gbòǹgbò le. Ẹ gé orí rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Ìgbìmọ̀ ti sọ pé àwọn á lọ wo ọgbà ọmọ igi méjì kan lẹ́bàá Ọ̀tà kí òjò tó rọlẹ̀. Ọ̀bẹ mímú kan àti garawa omi kan ni wọ́n nílò lọ́jọ́ náà. Èmi á gbé ọ̀bẹ wá.